Tábìlì Tí Wọ́n Ń Lù ní Ọjọ́ Ẹtì

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo ka iṣẹ́ mi níwájú àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ Ọlọ́run, ní ìlú kékeré kan ní Jámánì, wọ́n fi oríkèé ìka lu tábìlì lé mi jáde. Bí ó ṣe yé mi nìyẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka gbólóhùn tó kẹ́yìn tán ni gbogbo wọn, fada àti ẹni tí kì í ṣe fada, bẹ̀rẹ̀ sí í lu igi tábìlì kó, kó, kó, láìrẹ́rìn-ín, láìwò mí lójú. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo lọ ní Ìlọrin, bí wọ́n bá ń lu tábìlì fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n ń wí ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tó, kó lọ jókòó. Mo kó ìwé mi jọ, mo tẹrí ba díẹ̀, mo sì jáde kí ẹnikẹ́ni tó lè bi mí ní ìbéèrè. Mo ti dé ibi tí wọ́n ń so kẹ̀kẹ́ mọ́ irin lẹ́yìn ilé kí Fada Tọ́máàsì tó lé mi bá.

Gúúsù ilẹ̀ Íńdíà ni Fada Tọ́máàsì ti wá. Ó ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi, ó sì ní orúkọ mi yóò ká òun léyín, nítorí náà orúkọ ìlú mi ló fi ń pè mí.

"Ìlọrin! Níbo lò ń lọ?"

"Ṣé o kò rí i bí wọ́n ṣe lé mi ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn mú kó má baà ṣubú. "Wọ́n ń yìn ọ́ ni! Pátẹ́wọ́ tiwọn nìyẹn. Ọjọ́ tí o bá sọ̀rọ̀ tán tí ẹnikẹ́ni kò lu nǹkan kan, ọjọ́ náà ni kí o di ẹrù rẹ."

Mo padà wọlé. Wọ́n ti ń mu kọfí. Kò sí ẹni tó bi mí léèrè ibi tí mo lọ.

Àwọn tó ti òkè òkun dé sábà máa ń fi ọpẹ́ ṣíde ìtàn wọn. Wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fún wọn ní bùláńkẹ́ẹ̀tì, àti lọ́wọ́ ìyá arúgbó tó kọ́ wọn ní èdè. Èmi kò kọ bùláńkẹ́ẹ̀tì náà, mo sì mọ ẹni tó fún mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo fẹ́ sọ. Mo fẹ́ sọ irú ènìyàn tí wọ́n ní kí n jẹ́ kí wọ́n tó lè fún mi láyè láàárín wọn, àti ẹni tí irọ́ wọn pa lára ní Ìlọrin.

Kò pẹ́ sí ìgbà tí wọ́n wó ògiri tó pín ìlú Bàlíìnì sí méjì ni mo dé ọ̀hún. Ẹ̀kọ́ tí mo lọ kọ́ jẹ mọ́ àwọn ìpàdé tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ayé àtijọ́ ṣe láti pinnu ohun tí Ìjọ gbà gbọ́ nípa Ọlọ́run, àti ìwé tí àwọn Kristẹni tó ń sọ èdè Lárúbáwá kọ lẹ́yìn náà láti ṣàlàyé ìpinnu wọ̀nyí fún àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n jọ ń gbé. Ní ilẹ̀ wa nígbà náà, kò sí ilé-ìkàwé kan tó ní ìdá mẹ́wàá àwọn ìwé tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Àwọn yunifásítì ń ti ilẹ̀kùn, wọ́n ń ṣí i, wọ́n tún ń tì í. Bí mo bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ tí mo kọ́, àfi kí n rí àyè ṣe é níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kò jù báyìí lọ.

Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ń lọ ní ọjọ́ Ìsinmi, àpótí ọrẹ kan wà fún iṣẹ́ ìhìn rere ní ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n gbẹ́ ère ọmọ dúdú kan sórí rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀. Bí ènìyàn bá sọ owó sínú ihò àpótí náà, ọmọ náà a mi orí láti dúpẹ́. Ní ọjọ́ kan lẹ́yìn Máàsì, ìyá àgbà kan fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ní owó wẹ́wẹ́ pé kó sọ ọ́ sí i. Ọmọ náà sọ ọ́, ère mi orí. Ó wò ó tó bó ṣe fẹ́, lẹ́yìn náà ó gbójú sókè wò mí, ó ń dúró kí èmi náà mi orí.

N kò mi orí. Ìyá àgbà náà bojú jẹ́ sí mi bí ẹni pé mo fi nǹkan du ọmọ rẹ̀.

Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀ka wa a máa jọ jẹun ọ̀sán ní yàrá ńlá kan tí tábìlì gígùn wà. Ọbẹ̀ ẹ̀wà ni, tàbí ti kúkúńdùkún òyìnbó. Bí wọ́n bá ti kó àwo ọbẹ̀ kúrò, Ọ̀jọ̀gbọ́n Àgbà, fada arúgbó tó jẹ́ olórí wa, a wọ awò ojú rẹ̀, a sì ka ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ Ọlọ́run sí wa létí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́, òun ló ń tẹ̀ ẹ́, ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ káàkiri ayé, títí kan àwọn fada ní Nàìjíríà. Ètò kíkà rẹ̀ kì í yẹ̀: àwọn tó kú ló ń ṣíwájú, ìwé tuntun ló tẹ̀ lé e, ìpàdé tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, àyè iṣẹ́ tó ṣí sílẹ̀ ló kẹ́yìn. Fún òkú, wọ́n á dákẹ́. Fún ohun yòókù gbogbo, wọ́n á lu tábìlì.

Mo jókòó ti tábìlì náà pẹ́ kí n tó mọ ohun tí mò ń gbọ́. Bí wọ́n bá ka àyè iṣẹ́ kan pé ó ṣí sílẹ̀, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ti mọ ẹni tí wọ́n máa fún. Ẹni náà gan-an a tẹjú mọ́ ṣíbí rẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ náà níbòmíràn, nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn, lórí wáìnì ẹlòmíràn. Ìkéde wà fún àwa tí a kò bá wọn wọ ọkọ̀ náà, kí a lè bá wọn lu tábìlì. Bí wọ́n bá sì nílò ẹnì kan láti Áfíríkà níbi ìpàdé kan, wọ́n á ní kí ó wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn baba ńlá rẹ̀ tó ti kú. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó pè mí kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ayé àtijọ́, èyí tí mo tìtorí rẹ̀ fi ilé sílẹ̀.

Mo máa ń pe ilé láti inú àpótí onígíláàsì kan létí ibùdókọ̀ ojú irin. Ìyá mi a ti máa dúró dè mí ní ṣọ́ọ̀bù tẹlifóònù kan ní Táíwò Road.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Mà."

"Kí lo jẹ?"

"Búrẹ́dì."

"Ìyẹn láàárọ̀. Lọ́sàn-án ńkọ́?"

"Búrẹ́dì náà ni, Mà."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Ṣé ìwé lo lọ kà níbẹ̀ ni àbí iṣẹ́ búrẹ́dì lo lọ kọ́?"

Lẹ́yìn náà ni n ó gbọ́ tí ẹnì kan ń gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Baba Ààfáà nìyẹn, onílé wa, ẹni tó ń bá a rìn wá nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, Táíwò Road kò ṣeé dá rìn fún arúgbó obìnrin. Ó ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí.

"Ọmọ Àgùdà! Ṣé wọ́n ti fi ọ́ jẹ póòpù?"

"Ó kù díẹ̀, Baba."

"Bí wọ́n bá fi ọ́ jẹ ẹ́, má gbàgbé pé èmi ni mo kọ́ ọ ní álífù. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Baba."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ álífù yìí, lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú Lárúbáwá, dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Ọ̀mù-Àrán ni bàbá àti ìyá mi ti wá, Àgùdà sì ni àwọn méjèèjì. Akọ̀wé ìjọba ni bàbá mi, tíṣà ni ìyá mi. Nígbà tí iṣẹ́ gbé wọn wá sí Ìlọrin, wọ́n háyà yàrá méjì ní ilé Baba Ààfáà lẹ́yìn Ọjà-Ọba. Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n bí mi, wọ́n sì gbé mi lọ sí Ọ̀mù-Àrán ní ìkókó kí wọ́n lè ṣe ìrìbọmi fún mi. Ní ilé Baba Ààfáà náà ni ìyá mi ṣì wà lẹ́yìn tí bàbá mi kú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà ni ilé-kéwú Baba Ààfáà. Gbogbo ọmọ tí a jọ ń ṣeré ló ń jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú wàláà, pátákó tí wọ́n ń fi tàdáwà kọ nǹkan sí. Èmi náà bá lọ ń jókòó tì wọ́n. Baba Ààfáà wá bá ìyá mi, wọ́n sì sọ̀rọ̀ kan tí ìyá mi tún sọ fún mi lọ́pọ̀ ìgbà.

"Ìyá Tíṣà, ọmọ yín ti ń jókòó ti wàláà wa. Ṣé kí n lé e ni?"

"Ẹ má lé e, Baba. Ẹ kọ́ ọ ní lẹ́tà. Ẹ má kọ́ ọ ní àdúrà."

Baba Ààfáà pa àdéhùn náà mọ́ débi tó fi ń bí mi nínú nígbà náà. Bí a bá ń kọ lẹ́tà, èmi náà ń kọ. Bí ó bá di pé kí àwọn yòókù ké Kùránì, a ní kí n dìde, kí n lọ bá ìyá mi. Nígbà tí akẹgbẹ́ mi kan kọ́ mi ní sùúrà kúkúrú kan ní ìkọ̀kọ̀, òun ni Baba nà, kò nà mí. "Ọmọ ọlọ́mọ ni," ó wí. "Wọn kò fi ìyẹn rán wa níṣẹ́." Lẹ́tà wọ̀nyẹn ni mo gbé lọ sí yunifásítì, òun náà ni mo gbé dé Jámánì.

Mo ní ìṣẹ́gun kan níbẹ̀, n kò sì ní fi í pamọ́. Ìwé Lárúbáwá àtijọ́ kan wà tí gbogbo àwọn onímọ̀ ti ń tọ́ka sí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Àgbà pẹ̀lú. Wọ́n ní ẹni tó kọ ọ́ ṣiyèméjì nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀ ní ìparí. Nígbà tí mo ka àwòrán ìwé náà ní ewé-ewé, mo rí i pé ẹni tó rán an pọ̀ ti ṣi ewé méjì gbé: ìbéèrè àwọn alátakò ló gbé sí ìparí, ìdáhùn òǹkọ̀wé ló sì gbé síwájú. Ọkùnrin náà kò ṣiyèméjì rárá. Mo kà á síwájú wọn. Wọ́n lu tábìlì pẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Àgbà pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé tirẹ̀ ni mo tú. Ní ọjọ́ yẹn, mo jókòó sórí àga mi, mo sì jẹ́ kí wọ́n lù ú tẹ́ wọn lọ́rùn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kéde pé àyè olùkọ́ kan ṣí sílẹ̀, láti máa kọ́ni ní ìtàn àwọn ìpàdé bíṣọ́ọ̀bù àti ìwé àwọn Kristẹni Lárúbáwá. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà tó lè ka Lárúbáwá láìdi ìwé atúmọ̀ èdè mú. Àwọn ojú bẹ̀rẹ̀ sí í wá sọ́dọ̀ mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́, èmi ni mo tẹjú mọ́ ṣíbí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Àgbà pè mí, ó ní kí n sọ bí mo ṣe kọ́ Lárúbáwá. Mo ní Ààfáà kan tí mo dàgbà ní ilé rẹ̀ ló kọ́ mi. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dúpẹ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn àwọn òkú, ó kà á báyìí: "Ẹ jẹ́ kí a bá arákùnrin wa láti Ìlọrin yọ̀, ẹni tí Ààfáà líle kan tọ́ dàgbà nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, tó já ara rẹ̀ gbà, tó sì wá sọ́dọ̀ Kristi pẹ̀lú ìyà púpọ̀."

N kò gbọ́ irú lílù bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ife ń gbọ̀n lórí tábìlì. Obìnrin kan tó ń kọ́ èdè Gíríìkì fi ẹ̀yìn ìka nu ojú rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo fi ojú mi ṣe lórí ìwé àtijọ́ náà kò gba ìdajì irú ìyìn yẹn.

Mo bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Àgbà lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹnikẹ́ni kò tọ́ mi nínú Ìsìláàmù. Ìkókó ni mí tí wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún mi."

"Ṣùgbọ́n ilé Ààfáà lẹ dàgbà sí. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

"A háyà yàrá níbẹ̀ ni."

"Ó sì kọ́ yín."

"Lẹ́tà ló kọ́ mi. Ìyá mi ní kó má kọ́ mi ní àdúrà, kò sì kọ́ mi. Mi ò já ara mi gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó dè mí."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbọ́. Bíṣọ́ọ̀bù tó máa san owó oṣù fún àyè yìí fẹ́ ẹni tó ti apá kejì wá. Ìyẹn ló wù ú. Bí ẹ bá jẹ́ Àgùdà láti inú oyún, kí ni kó fi yín ṣe? Àgùdà pọ̀ lọ́wọ́ wa."

"Nítorí náà kí n purọ́?"

"Ta ló ní kí ẹ purọ́? Ẹ kò ní sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ kàn máa dákẹ́ ni."

Mo lọ bá Fada Tọ́máàsì nínú yàrá rẹ̀. Ó ń se ìrẹsì, ata rẹ̀ sì kún gbogbo ilé. Mo rò ó fún un.

"Ìlọrin, ìyẹn ló ń bà ọ́ nínú jẹ́? Èmi tí wọ́n kọ nípa mi pé ère ni bàbá mi ń bọ! Ìdílé wa ti ń jẹ́ Kristẹni láti ìgbà tí àwọn baba ńlá Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn ṣì ń bọ igi nínú igbó wọn. Mo ṣàlàyé, mo ṣàlàyé. Nígbà tó rẹ̀ mí, mo gba àyè tí wọ́n fún mi."

"O dákẹ́?"

"Mo dákẹ́." Ó na ẹ̀wù òtútù rẹ̀ sí mi láti ibi tó kọ́ ọ sí. "Fọwọ́ kàn án. Ṣé kò móoru ni?"

Kò rẹ́rìn-ín bó ṣe sọ ọ́. Ó bu ìrẹsì fún mi, mo sì jẹ ẹ́. Kí n sọ òtítọ́: bí ó bá jẹ́ pé èmi nìkan ni irọ́ náà kàn ni, n kò mọ̀ bóyá ǹ bá ti wọ irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn náà ti wà lójú ọ̀nà.

Nígbà tí mo tún pe ilé, ìyá mi kò bi mí bóyá mo ti jẹun.

"Kí lo sọ fún àwọn òyìnbó nípa Baba?"

Fada kan ní Ìlọrin ti rí ìwé ìròyìn náà gbà, ayọ̀ sì gbé e débi pé ó kà á lẹ́yìn Máàsì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti dé Ọjà-Ọba. Àwọn kan ń wí pé Baba Ààfáà fi wàláà lé ọmọ tí kì í ṣe Mùsùlùmí lọ́wọ́. Àwọn mìíràn ní Mùsùlùmí ni ọmọ náà, pé ọwọ́ Baba ló ti bọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò lè jọ jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kan náà: àwọn òbí ti ń kó ọmọ wọn kúrò. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a kì í rí ibi gbé ẹsẹ̀ sí tẹ́lẹ̀ ti dá páropáro. Ìyá mi ní òun yóò kó ẹrù òun jáde kí ọ̀rọ̀ náà lè rọlẹ̀. Baba ní bó bá gbé ìkòkò kan jáde, òun yóò gbé e padà wọlé fúnra òun.

Lẹ́yìn náà Baba gba ẹ̀rọ. Kò pè mí ní Ọmọ Àgùdà. Orúkọ mi gan-an ló pè, èyí tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Ṣé ìwọ lo sọ ọ́?"

"Rárá, Baba. Wọ́n kọ ọ́ fúnra wọn ni."

"Mo mọ̀. Àwọn kan tó dúró tì mí níbí ni mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Tún un sọ. Pariwo!"

Mo pariwo. Nínú àpótí onígíláàsì yẹn, pẹ̀lú àwọn òyìnbó tí wọ́n tò síta tí wọ́n ń wò mí, mo kígbe ní èdè Yorùbá pé, "Àgùdà ni wọ́n bí mi! Baba kò kọ́ mi ní ìrun rí! Kò kọ́ mi ní sùúrà kan ṣoṣo!" Ọkùnrin kan níta bọ́ sẹ́yìn, ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Mo wá gbọ́ ohùn ọkùnrin mìíràn ní Táíwò Road, ó jìnnà sí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ó yé mi kedere. "Ẹnikẹ́ni ló lè máa pariwo nínú ẹ̀rọ. Ìwé ni wọ́n kà. Kí wọ́n mú ìwé mìíràn wá tó takò ó."

Mo pe fada tó kà á. Onírẹ̀lẹ̀ ènìyàn ni, ó sì bẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ohun kan náà lòun náà sọ. "Ohun tí wọ́n tẹ̀ ni mo kà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ àtúnṣe. Ọjọ́ tó bá dé ni n ó kà á."

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo jẹ́ kí wọ́n kó àwo ọbẹ̀ kúrò. Kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Àgbà tó wọ awò ojú rẹ̀, mo dìde. Ẹnikẹ́ni kì í dìde ṣáájú ìkéde. Mo sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n kà nípa mi kì í ṣe òtítọ́. Mo sọ bí ìyá mi àti Baba Ààfáà ṣe ṣe àdéhùn, mo sì sọ bí Baba ṣe pa á mọ́. Mo ní ọkùnrin tí wọ́n pè ní líle yìí ti ṣọ́ ìrìbọmi mi ju àwọn tó wà ní tábìlì yìí lọ, àti pé nítorí ìkéde wọn, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń tú. Mo ní kí wọ́n tẹ àtúnṣe sínú ìwé ìròyìn tó ń bọ̀. Mo dúpẹ́, mo jókòó.

Kò sí ẹni tó lu tábìlì. Obìnrin tó ń kọ́ Gíríìkì ń to àwọn èérún búrẹ́dì rẹ̀ jọ. Fada Tọ́máàsì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo gbọ́ omi tó ń kán nínú ilé ìdáná.

"A dúpẹ́," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Àgbà wí. Ó wọ awò ojú rẹ̀. "Àwọn tó kú."

Nígbà tí ìwé ìròyìn tuntun jáde, àtúnṣe kò sí nínú rẹ̀. Mo béèrè. Wọ́n ní kò sí àyè. Mo tún un kà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àyè wà fún ọjọ́ ìbí fada kan tó ti fẹ̀yìn tì. Àyè wà fún agboòrùn dúdú kan tó sọnù ní ilé-ìkàwé. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n kéde pé wọ́n ti rí agboòrùn náà.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan náà yẹn ni wọ́n kéde ẹni tó gba àyè olùkọ́. Ìlú tó múlé tì wọ́n ló ti wá, kò mọ Lárúbáwá, ṣùgbọ́n wọ́n ní yóò kọ́ ọ. Ọkùnrin náà gbójú sókè kúrò lára ṣíbí rẹ̀. Gbogbo wọn lu tábìlì. Ní ọ̀dọ̀ wọn, ẹni tí àyè fò dá gan-an ló gbọ́dọ̀ lù ú kíkan jù. Ìwà ọmọlúàbí tiwọn nìyẹn, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ tó fi omijé lójú lù ú. Wọ́n ń lù ú, wọ́n sì ń wò mí. Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì sórí itan mi, mo sì fi wọ́n síbẹ̀. Fada Tọ́máàsì lu tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó dáwọ́ dúró.

Mo di ẹrù mi.

Wọ́n sábà máa ń bi mí ní Ìlọrin bóyá kò dùn mí. Ó dùn mí. Àwọn ìwé wọ̀nyẹn wà ní ọ̀hún, n kò sì ní rí wọn mọ́. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé ibi kan jẹ́ tèmi nígbà tó jẹ́ pé ẹlòmíràn tí wọ́n hun fúnra wọn ni wọ́n ń gbà sílé. Ní ilé Baba Ààfáà, èmi kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn, wọ́n sì ń sọ ọ́ fún mi lójoojúmọ́ pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n ń pè mí. Síbẹ̀, èmi gan-an ni wọ́n gbà.

Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí mo dé, mo bẹ fada náà pé kó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lẹ́yìn Máàsì.

"Ṣé wọ́n ti tẹ àtúnṣe náà, ẹ̀gbọ́n?"

"Wọn kò tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí wọ́n kọ ọ́ nípa rẹ̀ ló dé yìí."

Ó ronú díẹ̀, ó sì fún mi láyè. Mo sọ ọ́ níbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baba Ààfáà, mo tún un sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lọ sí Ọjà-Ọba, ìyá mi sì dúró tì mí, ó ń fi ohùn tíṣà rẹ̀ jẹ́rìí. Àwọn kan dá ọmọ wọn padà. Àwọn kan kò dá tiwọn padà títí Baba fi dàgbà kọjá kíkọ́ni. Kò sí ohun tí mo lè ṣe nípa ìyẹn.

Ní àárọ̀ yẹn, Baba jókòó sórí awọ rẹ̀, ó ń wò mí láti ẹsẹ̀ dé orí.

"Ọmọ Àgùdà. Wọn ò fi ọ́ jẹ póòpù."

"Wọn ò fi mí jẹ ẹ́, Baba."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Álífù rẹ ò tíì tọ́."

Mo ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di tíṣà báyìí. Ìwé ìròyìn náà ṣì ń wá sí ilé. Wọn kò sọ àdírẹ́sì mi nù rí. Èyí tó dé kẹ́yìn, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo kà á: àwọn tó kú, ìwé tuntun, ìpàdé, àyè tó ṣí sílẹ̀. Ìyá mi ti inú yàrá jáde pẹ̀lú àwo lọ́wọ́.

"Ṣé wọ́n ti tún ọ̀rọ̀ Baba ṣe?"

"Rárá, Mà."

"Gbé e kúrò lórí tábìlì, mo fẹ́ gbé oúnjẹ kalẹ̀."

Mo gbé e kúrò.